Ìkúùkù Àbẹ̀kẹ́ Ni Ìwọ̀n Oúnjẹ Mi

Àbẹ̀kẹ́ o! Mo ké, o kò dáhùn. Wọ́n ní kí n kọ "ó dìgbà" sí orí ìwé ìrántí yìí. Mo gbé bíírò lé bébà láti àná, n kò rí i kọ. Ìgbà wo ni ó dì? Ẹni tó bá wí pé ó dìgbà, ó yẹ kó mọ ìgbà tí òun ń wí. Èmi kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní Jímọ̀ tó kọjá, nínú ilé wa ní Samandin, ní Ouagadougou níbí, o jí, o kírun àsùbáà, o ní orí ń fọ́ ọ díẹ̀, o sì ń wá àpò tí o máa ń gbé ìwọ̀n àwọn ọmọ ọwọ́ sí. Kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn ènìyàn ti ń kí mi kú ìrọ́jú.

Ẹ̀yin ènìyàn mi tí ẹ wá bá wa ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ, ẹ̀yin ará Bilbalogo, ẹ̀yin ẹbí tí ẹ ti Nàìjíríà àti Gánà wọkọ̀ wá, ẹ ṣeun. Ọlọ́run kò ní fi irú èyí san án fún yín. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló mọ Aláàjà Mèmúnátù Àbẹ̀kẹ́ ju bí ẹ ṣe mọ èmi ọkọ rẹ̀ lọ. Èmi ni Bàbá Sàlámátù, ẹni tó ń ta páàtì alùpùpù lọ́jà. Tí ẹ bá ń kọjá níwájú ìsọ̀ mi, orúkọ rẹ̀ lẹ fi ń kí mi: "Ọkọ Ìyá Oníkúùkù, ẹ ǹ lẹ́ o." Inú máa ń bí mi nígbà náà. Lónìí, mo fẹ́ kí ẹ máa pè mí bẹ́ẹ̀ títí n ó fi kú.

Ìlú yìí ni wọ́n bí ọ sí, Àbẹ̀kẹ́. Bàbá rẹ ará Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá rẹ ọmọ Mossi, onílẹ̀ ibí. O kàwé Faransé, o ń sọ Mòóré, èdè ìyá rẹ, bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, Yorùbá rẹ sì ní agídí tirẹ̀. Èmi, wọ́n lé bàbá mi kúrò ní Gánà nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé, a ní a kàn fẹ́ sinmi díẹ̀ ní Ouagadougou, a kò sì dìde mọ́. Ìwọ ni kò jẹ́ kí n dìde. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni a fi gbé pọ̀, o kò fi ọjọ́ kan pè mí ní orúkọ, bẹ́ẹ̀ ni o kò fi ọjọ́ kan gba irọ́ mi gbọ́.

Nígbà tí ilé ìwòsàn àdúgbò ń wá obìnrin tó gbọ́ èdè púpọ̀, tí yóò máa bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ, ìwọ lo kọ́kọ́ nawọ́. Mo rò pé eré oṣù méjì ni. Ó di ogún ọdún ó lé. Ní gbogbo ọjọ́ Alámìísì, o máa ń so ìwọ̀n kọ́ ẹ̀ka igi dóńgóyárò inú àgbàlá wa, àwọn ìyá á máa gbé ọmọ wọn wá, àwọn ọmọ á máa fi ẹsẹ̀ ta afẹ́fẹ́, wọ́n á máa ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ tà. Lẹ́yìn náà o ó gbé ìkòkò kaná, o ó fi ìyẹ̀fun jéró, ẹ̀wà lílọ̀ àti ẹ̀pà se ògì fún wọn. O ó wá bu ewé mòríńgà gbígbẹ lé e, ewé tí àwọn ìbátan ìyá rẹ ń pè ní arzantiiga, igi àlùjánnà. Mo máa ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé tó bá jẹ́ igi àlùjánnà ni lóòótọ́, kí ló dé tí ewé rẹ̀ fi korò? O ní ẹnu mi ni ṣúgà ti bàjẹ́.

Ìyàwó kékeré kan wà ní Bilbalogo, ọmọ tiwa ni, ọmọ Yorùbá. Ó gbé ọmọkùnrin rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan. Ọmọ náà ti ń sún mọ́ ọdún méjì, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gbé orí rẹ̀. O bi ìyá rẹ̀ pé ṣé kò sí adìẹ nílé wọn ni. Ó ní ó wà, ó ń yé, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ òun ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ń po tíì mi, mo ń retí kí o pariwo. O kò pariwo. O ní, "Ìyá mi, ẹyin kì í sọ ọmọ di olè. Ebi ló ń sọ ọmọ di olè." O gbé òun àti ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn alùpùpù rẹ, o lọ bá ìyá ọkọ nílé, o kúnlẹ̀ fún un, o bẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó. Ọmọ yẹn ń lọ sílé ìwé báyìí. Lọ́jọ́ kẹta tí o lọ, ó bá ìyá rẹ̀ wá kí wa, ó jókòó sórí ẹní, ó jẹ ìrẹsì abọ́ méjì. Mo ń ṣọ́ ọ. Kò jí nǹkan kan.

Kì í ṣe gbogbo wọn lo rí gbà là. Mo rántí ọjọ́ tí wọ́n gbé ọ̀kan wá tí ó ti pẹ́ jù. O padà wálé, o jókòó sí ẹnu ọ̀nà, o gbé ìwọ̀n lé itan, o kò bọ́ bàtà. Mo ní Ọlọ́run ló ni í. O ní, "Ọlọ́run ló ni í, Bàbá Sàlá. Ṣùgbọ́n àwa ló gbé e fún, àwa la kò fún un lóúnjẹ." Mo lọ pọn omi tíì. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn tí ọ̀ràn bá kọjá agbára mi.

Àwọn olówó náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ìyàwó oníṣòwò ńlá kan pè ọ́ sí Ouaga 2000, àdúgbò àwọn ọlọ́lá, pé kí o wá wo àwọn ọmọ òun, wọ́n sanra, àárẹ̀ sì ń mú wọn. O ṣí fríìjì rẹ̀, o rí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, o rí bísíkíìtì, o rí ṣokoléètì, o kò rí ewé kan. O ní, "Madame, fríìjì yín yó, àwọn ọmọ yín ni ebi ń pa." Wọn kò pè ọ́ mọ́. O dé ilé, o ń rẹ́rìn-ín, o ní ó kéré tán wọ́n fún ọ ní omi tútù.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí ìkúùkù ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń pe orúkọ náà tí kò mọ ìdí rẹ̀. O ti ibi ẹ̀kọ́ kan dé, o ní wọ́n kọ́ yín pé kò sí ẹni tó nílò láti ra ìwọ̀n, pé ọwọ́ ẹni ni ìwọ̀n ẹni. Ìkúùkù kan fún sàgbò, èyí tí ẹ̀yin ará Nàìjíríà ń pè ní túwó. Àtẹ́lẹwọ́ kan fún ẹran tàbí ẹja. Ọwọ́ méjèèjì tí a là fún ewé. Ó rọrùn, ó mọ́gbọ́n wá. O kó àwọn obìnrin Yorùbá àdúgbò jọ, o kọ́ wọn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ní ọjọ́ kejì, Alhaji Lásísì tó ń ta táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wọ ìsọ̀ mi, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Bàbá Sàlá, ẹ bá mi bi ìyàwó yín léèrè, kí ni mo fi ṣe é? Ìyàwó mi délé lánàá, ó ní Ìyá Sàlá ti pàṣẹ pé ìkúùkù kan ni kí òun máa fún mi ní alaalẹ́!"

Àwọn ọkùnrin ọjà rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Mo délé, mo rò ó fún ọ, o rẹ́rìn-ín títí o fi di ìlẹ̀kùn mú. O ní, "D'accord, mo ti gbọ́. Ẹ sọ fún un pé ìkúùkù oúnjẹ ni, kì í ṣe ìkúùkù ìjà. Ṣùgbọ́n tó bá tọrọ àfikún, kí ìyàwó rẹ̀ fún un ní èkejì." Láti ọjọ́ náà ni o ti di Ìyá Oníkúùkù. Kí ló kù fún mi bí kò ṣe kí n máa jẹ́ ọkọ rẹ̀?

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn mí. Irin kan já lé mi lọ́mọ ìka ẹsẹ̀ ní ìsọ̀. Egbò náà kò ju èékánná lọ, ṣùgbọ́n ó kọ̀, kò jinná. Oṣù kan, oṣù kejì. Dókítà ní àtọ̀gbẹ ni, pé tí n kò bá yí ọ̀nà oúnjẹ mi padà, àwọn yóò gé ẹsẹ̀ náà. Èmi tí mo máa ń bu ṣúgà sí tíì títí ṣíbí yóò fi dúró gbọn-in! Mo padà sílé. O gbé oúnjẹ kalẹ̀, o ní kí n ká ọwọ́ mi, kí a wọn sàgbò mi. Mo ká a. Ṣùgbọ́n mo jẹ́wọ́ níwájú gbogbo yín lónìí, n kò ká a dáadáa. Mo fi afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ kó lè tóbi. Àbẹ̀kẹ́ wò mí, ó wo ọwọ́ mi. Ó ní, "Bàbá Sàlá, kí lẹ dì mú sínú ìkúùkù yín yìí? Ṣé adìẹ ni?"

O gbé abọ́ náà padà. O ní, "C'est fini, ó parí. Láti òní lọ, ìkúùkù tèmi la ó máa fi wọn tiyín." Ọwọ́ rẹ kéré, Àbẹ̀kẹ́. Ìgbà tí mo ń fẹ́ ọ, òrùka tí mo kọ́kọ́ rà ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ ni. Ọwọ́ yẹn ni o fi jẹ́ onídàájọ́ lé mi lórí fún ọdún mọ́kànlá. O ó gbé ìkúùkù sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàgbò, o ó yí i síhìn-ín, o ó yí i sọ́hùn-ún, o ó gé èyí tó kù sọnù kúrò nínú abọ́ mi. Mo ráhùn, mo bínú, mo ní ìyà ń jẹ mí nínú ilé tí mo kọ́ fúnra mi. Gbólóhùn kan náà lo máa ń fi dá mi lóhùn. O ní, "Oúnjẹ kò ní lọ síbì kankan, Bàbá Sàlá. Ẹ̀yin ni n kò fẹ́ kí ẹ lọ."

Ẹsẹ̀ mi jinná. Orí ẹsẹ̀ náà ni mo dúró sí nígbà tí wọ́n ń kírun sí ọ lára.

Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé iṣan kan ló bẹ́ nínú orí. Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú àpò rẹ. O so ó mọ́ gbogbo wa lápá. O so ó mọ́ tèmi, o so ó mọ́ ti Alhaji Lásísì, o so ó mọ́ ti ìmáàmù. Ta ló ń so ó mọ́ tìrẹ? Sàlámátù ọmọ wa ló tú àpò náà lẹ́yìn ìsìnkú. Ó bá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru níbẹ̀, orúkọ rẹ ló wà lára páálí rẹ̀, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kọ ọ́ fún ọ. Ìdajì rẹ̀ kù. Kí ló dé tó fi kù? Bóyá o gbàgbé. Bóyá o ní ìwọ máa lò ó tí o bá ti ibi àwọn ọmọ ọwọ́ dé. Èmi àti Sàlámátù wo páálí náà títí, a kò rí ìdáhùn lára rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí, mo sì fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé yìí bí mo ṣe kọ ọ́. Ọdún mọ́kànlá ni o fi ń bi mí pé, "Bàbá Sàlá, kí lẹ jẹ lọ́jà lónìí?" N kò bi ọ́ rí, kódà lẹ́ẹ̀kan, pé ìwọ ńkọ́. N kò mọ ohun tí o máa ń jẹ. Tí mo bá rántí oúnjẹ nílé wa, mo rí ọ lórí ìdúró. O ń bu fún mi, o ń bu fún ọmọ, o ń bu fún àlejò, lẹ́yìn náà o ń ha èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. N kò rí ọ rí kí o fi ìkúùkù rẹ wọn tìrẹ.

Nígbà tí àwọn ènìyàn jókòó sábẹ́ àgọ́ lọ́jọ́ kejì, mo gbọ́ ẹnìkan tó wí pé, "Ẹ ò rí i? Ẹni tó ń ka oúnjẹ léèwọ̀ fún wa náà kú. Ẹ gbé ẹran ọlọ́ràá wá jàre." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. N kò dárúkọ ẹni náà, kì í ṣe ènìyàn búburú, ó sì ka Kùránì fún ọ títí ohùn rẹ̀ fi há. Mo fẹ́ dá a lóhùn. Mo fẹ́ sọ fún un nípa ọmọ Bilbalogo. Mo fẹ́ na ẹsẹ̀ mi kí ó wò ó. Èdè mẹ́rin ni mo fi ń nájà, kò sí ọ̀kan tó wá sí mi lẹ́nu. Ìwọ ìbá ti mọ ohun tí ó yẹ ká sọ. Ìwọ ìbá ti fi ẹ̀rín sí i, òun náà ìbá sì ti gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n gbé ẹran wá.

Wọ́n ń gbé oúnjẹ wá fún èmi náà. Ìrẹsì funfun, ọtí ẹlẹ́rìndòdò, búrẹ́dì olóyin, gbogbo ohun tí o lé kúrò nílé wa ló ti padà wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àdúà lórí rẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè kọ̀ ọ́ fún ẹni tó fi omijé gbé e wá? Lọ́jọ́ karùn-ún, Sàlámátù ní òun yóò se sàgbò fún mi bí ìyá òun ṣe ń ṣe é. Ó ká ọwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Ọwọ́ tèmi ni ọwọ́ rẹ̀ jọ, ó tóbi, eegun rẹ̀ yọ. Ó wo ìkúùkù rẹ̀, ó wò mí. "Papa, ti Màmá kò tó báyìí, àbí?" Mo ní kò tó bẹ́ẹ̀. "Báwo ló ṣe wá tó?" Èmi tí mo bá fojú kan nọ́ọ̀tì tí mo ti mọ̀ bóyá sípánà nọ́ńbà mẹ́wàá ni yóò tú u tàbí méjìlá, ọdún mọ́kànlá ni mo fi wo ọwọ́ rẹ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, n kò lè fi hàn án. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, èmi náà sunkún. Sàgbò náà tutù, a kò jẹ ẹ́.

Kì í ṣe pé n kò gbìyànjú, Àbẹ̀kẹ́. Nígbà tí àwọn obìnrin wẹ̀ ọ́ tán, tí aṣọ funfun kò tíì bo apá rẹ, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n wọlé. Wọ́n rò pé àdúà ni mo fẹ́ ṣe. Mo mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ, mo ká a. Mo fẹ́ fi ọwọ́ tèmi bò ó lẹ́ẹ̀kan péré, kí ọwọ́ mi lè rántí bó ṣe tó. Mo ká àwọn ìka, wọ́n là. Mo tún ká wọn, wọ́n tún là. Ìyá àgbà tó wẹ̀ ọ́ fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó là bẹ́ẹ̀, Bàbá Sàlá." Mo jẹ́ kó là.

Kí Ọlọ́run foríjì ọ́, kó fẹ ibojì rẹ lójú, kó jẹ́ kí o jókòó, kí ẹlòmíràn bu tìrẹ fún ọ. Tí o bá dé abẹ́ igi àlùjánnà tòótọ́, tọ́ ewé rẹ̀ wò. Bí kò bá korò, a jẹ́ pé èmi ni mo jàre.

Lónìí, tí àdúà bá parí, tí ẹ̀yin àlejò wa bá lọ tán, Sàlámátù yóò gbé abọ́ síwájú mi. N ó ká ọwọ́ mi. N kò ní fi afẹ́fẹ́ sí i, mo ṣèlérí. Yóò ṣì tóbi jù. N ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàgbò, n ó sì dúró díẹ̀, bóyá n ó gbọ́ kí o ní, "Ó pọ̀ jù, Bàbá Sàlá."

Oúnjẹ kò lọ síbì kankan, Àbẹ̀kẹ́. Ìwọ lo lọ. Sùn re o, ọlọ́wọ́ kékeré mi, sùn re.